Ẹsẹ̀ Tí Ìgè Fi Wáyé

Ní ilé wa, lọ́nà Massè, ẹsẹ̀ ni olórí ẹbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ilé mìíràn ní baálé, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àwa ní ẹsẹ̀ méjì, ti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ẹsẹ̀ ló fi wáyé. Orí ni gbogbo wa fi ń bọ̀, òun ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ síta, ó sì fi ojú ìyá rẹ̀ rí màbo kí wọ́n tó fà á jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìgè, bí wọ́n ti ń sọ gbogbo ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹlòmíràn á jẹ́ Ìgè títí á fi kú, kò ní sí ẹni tí yóò rántí ẹsẹ̀ rẹ̀. Tiwa kọ́. Ní tiwa, bí òjò bá rọ̀ lásìkò, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ni. Bí ẹ̀gẹ́ bá ta lóko, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ni. Bí èmi bá yege ní lékọ́ọ̀lì, kì í ṣe pé mo mọ̀wé, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà náà ni. Irun funfun ti ń yọjú lórí mi báyìí, ó sì tún ń bí mi nínú pé n kò rí ẹnì kan ṣoṣo kó kí mi kú oríire lọ́dún náà.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, ẹyìn so débi pé a kò rí ibi kó o sí mọ́. Lẹ́yìn ilé wa ni kòtò ẹyìn wà, kòtò gbọọrọ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni a ti ń ṣe epo. Ohun tó máa ń jí mi láàárọ̀ kì í ṣe àkùkọ, ìró àáké tí wọ́n fi ń la ìdì ẹyìn ni, gbì, gbì, lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo àgbá tó ń hó lórí iná. Bí ẹyìn bá ti jinná, àwọn obìnrin ilé á dà á sínú kòtò, wọn á ká ìró sókè dé orúnkún, wọn á di igi tí a gbé dábùú kòtò mú, wọn á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ṣàlà, ṣàlà, títí ara ẹyìn á fi bọ́ kúrò lára èkùrọ́, tí epo á sì léfòó. Ìgbà tí ẹyìn bá ṣì gbóná ni epo rẹ̀ máa ń jáde dáadáa. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ta ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń yọ èéfín? Gbogbo obìnrin tó ń ṣe epo láti Massè títí dé Kpoulou ló máa ń jókòó ti kòtò, wọn á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀, wọn á máa sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀.

Ìyá Àgbà náà máa ń jókòó dè é pẹ̀lú wọn tẹ́lẹ̀. Ọdún yẹn ló ṣàdédé dìde. A ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹyìn sílẹ̀ ni, èéfín rẹ̀ ṣì bo ojú gbogbo wa, mo kàn rí i tó ká ìró, tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ sínú kòtò bí ẹni ń wọ odò lọ wẹ̀. Ìyá mi lọgun, ó ní, “Yéè! Ìyá, ó gbóná o!” Ìyá Àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ? Ó ti tutù.” Ìyá mi fi ìka kan kàn án, ó sì fa ọwọ́ yọ kíá, ó fi í sẹ́nu. Ìyá Àgbà ń tẹ ẹyìn tirẹ̀ lọ, ó tún ń kọrin. Epo ọjọ́ náà pọ̀, ó sì pọ́n dáadáa. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ọ̀nà Massè ti gbọ́ pé iná kì í mú Ìgè.

Ẹni tó gbé ìròyìn náà kiri ni Bàbá Múfù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí Ìyá Àgbà. Bàbá tèmi wà ní Kútọnu níbi tó ti ń mọlé fún àwọn olówó, nítorí náà Bàbá Múfù ni ọkùnrin ilé, ó sì máa ń rán wa létí kí a má baà gbàgbé. Òun ló ń gbé epo lọ sọ́jà Adja-Ouèrè. N kò rí i kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan inú kòtò rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́jà, ẹ ó rò pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fi ẹsẹ̀ wáyé. Á gbé àyà síwájú, á ní, “Ìgè ni ìyá mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí ayé kí orí rẹ̀ tó rí i, kí ni iná fẹ́ sọ fún un?” Àwọn oníbàárà á ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí iná fi ń mú Ìgè yìí láti kékeré títí ó fi darúgbó, tó wá jẹ́ pé ọdún yìí ni iná ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Láìpẹ́, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Kpoulou pẹ̀lú adìyẹ lọ́wọ́. Wọn á kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, wọn á na ẹsẹ̀, wọn á fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí oore náà lè ràn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn padà sílé, ó bọ́ sínú kòtò gbígbóná tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, a sì gbọ́ pé igbe tó ké lé gbogbo ẹyẹlé kúrò lórí òrùlé. Bàbá Múfù ní ìgbàgbọ́ obìnrin náà ni kò tó.

Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké fún Ìyá Àgbà, mo ń bu omi, mo ń gbé àpótí, mo ń wá agolo aáṣáà rẹ̀ tó bá sọnù sínú ìró rẹ̀. Nítorí náà mo rí ohun tí Bàbá Múfù kò rí láti ọjà. Òùngbẹ ń gbẹ Ìyá Àgbà lọ́nà tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Bí mo bá bu omi kan fún un, kí n tó dé ìdí ìkòkò padà, ó ti tún ń pè mí, “Àbẹ̀ní o!” Láàárọ̀, kókó ni, ó sì fẹ́ kí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ débi tí ṣíbí á fi ṣòro rò. Lọ́sàn-án, àkàsà àti ọbẹ̀ ẹja. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín tó ti pọ́n yéye, lẹ́yìn náà á béèrè bóyá kókó àárọ̀ kù. Ó ń jẹun ju gbogbo wa lọ, ó sì ń rù ju gbogbo wa lọ, ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ sórí àyà. Wọ́n ní iṣẹ́ ni. Ibi tó bá ti tọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, èèrà á ti pé jọ síbẹ̀ bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Mo fa Bàbá Múfù lọ wò ó. Ó wo àwọn èèrà náà títí, ó mi orí, ó ní, “Ọrọ̀ ló ń bọ̀ nílé yìí.” Ọrọ̀ kẹ̀! Èèrà mọ ohun tó ń ṣe Ìyá Àgbà ju gbogbo ẹbí lọ, ẹbí wá ń kí ara wọn kú oríire.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà á wọ sílípáàsì méjì jáde nílé, ẹyọ kan ni á fi dé ibi tó ń lọ. Kò já, wọn kò jí i. Á kàn bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà ni, òun á sì máa rìn lọ, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí òkúta, lórí ẹ̀gún, kò ní mọ̀. Èmi á máa tẹ̀ lé e, n ó ṣa bàtà, n ó ní, “Ìyá Àgbà, bàtà yín rèé.” Á wo ilẹ̀, ẹnu á yà á, á sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan tó panilẹ́rìn-ín tó o nígbà náà, nítorí ọmọdé ni mí, mi ò sì mọ̀ pé èèyàn lè sọ ẹsẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ṣì ń fi í rìn.

Iṣẹ́ mi tó tóbi jù ni fífọ ẹsẹ̀ náà. Bí wọ́n bá tẹ ẹyìn tán, Ìyá Àgbà á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sí mi, èmi á fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí epo á fi ṣí. Lọ́jọ́ kan, mo ń fọ ti ọ̀tún, mo rí nǹkan funfun kan tó lẹ̀ mọ́ kànìnkànìn. Mo rò pé èèpo ẹ̀gẹ́ ni. Mo fà á. Ó ń gùn bọ̀. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ni, láti gìgísẹ̀ títí dé abẹ́ àwọn ọmọ ìka, ẹran pupa sì ń dán lábẹ́ rẹ̀. Mo ké tòò, mo da gbogbo rẹ̀ nù, kànìnkànìn, ọṣẹ, igbá omi. Ìyá Àgbà ń bá aládùúgbò wa kan sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nípa ewúrẹ́ tó jẹ àgbàdo ẹlẹ́gbàdo. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Kí ló dé? Ṣé ejò ni?” Nígbà tó wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ aládùúgbò náà. Ó ní, “Ó mà bó o.” Ó sì ní kí n máa fọ èyí tó kù. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè jẹun, ọbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni wọ́n sì sè.

Ìyá mi ní kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ṣùgbọ́n ìyá mi, ìyàwó ilé ni, ìyàwó ilé a sì máa dá àbá lórí ìkúnlẹ̀ ni. Bàbá Múfù gbọ́ ọ títí, ó ní, “Ṣé ó ń dun Ìyá ni?”

Ìyá mi ní, “Kò dùn wọ́n.”

“Ṣé wọ́n sunkún ni?”

“Wọn kò sunkún.”

“Kí ni a fẹ́ lọ sọ fún dókítà nígbà náà? Pé ẹsẹ̀ kan wà nílé tí kò dunni? Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ máa ń wá àìsàn kiri.”

Báyìí ni ìtọ́jú ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹnì kan gún ewé, ó fi dì í. Ẹnì kan da àdí gbígbóná sí i. Ẹnì kan tí orí rẹ̀ pé jù fọ́ bátìrì rédíò, ó wọ́n dúdú inú rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Wọ́n da ọtí sódábì lé gbogbo rẹ̀, sódábì tó jẹ́ pé bí ó bá kán sí ọ lójú, o ó pe orúkọ ìyá rẹ. Ìyá Àgbà kò mira. Bí wọ́n ti ń dà á ló ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn tó dúró yí i ká ń mirí, wọ́n ní, “Ẹ wo akin!” Akin náà sì tún ń wọ kòtò, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ẹyìn kò dúró de ẹnikẹ́ni, Bàbá Múfù sì ti ṣèlérí epo fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìyá mi kọ̀, kò fi epo ọ̀sẹ̀ yẹn se ọbẹ̀ fún wa. N kò ní sọ fún yín ibi tí wọ́n ti rà á. Nígbà tó yá, ọmọ ìka méjì dú bí èédú. Òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀, ajá ilé sì ń tẹ̀ lé Ìyá Àgbà kiri, kò jẹ́ kó sinmi. Bàbá Múfù ní ohun burúkú ló ń jáde lára rẹ̀, kí a fi sílẹ̀ kó jáde tán.

Ohun tí ìyá mi ṣe lẹ́yìn náà, mo ṣì máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n wá ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ ní abúlé wa lọ́jọ́ kan, obìnrin nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù ló sì darí wọn. Ìyá mi kò bẹ Bàbá Múfù pé kí ó jẹ́ kí Màdáámù wo Ìyá Àgbà. Ó kàn kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Múfù, ẹ wò ó, òkìkí ẹsẹ̀ Ìyá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà o. Màdáámù ní òun kò lè kọjá kí òun má fojú rí i.” Háà! Bàbá Múfù fò dìde. Ó wọ agbádá. Ó gbé àga aláṣọ, àga tó jẹ́ pé bàbá mi pàápàá kì í jókòó sí i, jáde síta. Òun fúnra rẹ̀ ló tú aṣọ lára ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, tìdùnnú-tìdùnnú, bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ìyàwó tuntun. Ó ní, “Màdáámù, ẹsẹ̀ tí iná kì í mú rèé.”

Màdáámù bo imú. Ó gún ìka Ìyá Àgbà lábẹ́rẹ́, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré kan, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un ṣe, ó tún wò ó. Ó ní, “Ìyá, àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti kún inú ẹ̀jẹ̀ yín.”

Bàbá Múfù ní, “Ṣúgà wo? Ìyá mi kì í jẹ ṣúgà.” Ìyá Àgbà ní ṣíbí kókó lẹ́nu lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ìyá Àgbà ni Màdáámù kọjú sí. Ó rọra ń sọ ọ́, ó ní, “Ìyá, àìsàn yìí ló ń pa ẹsẹ̀ lára, tí kì í fi í mọ nǹkan mọ́. Kì í ṣe pé iná kì í mú yín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń wọ inú kòtò yẹn lẹ ti ń jóná. Ẹ kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni.” Mo wo ojú Ìyá Àgbà. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọmọ ìka dúdú náà, ó fún un. Ó tún un fún. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, mo sì mọ̀ pé ohun tí gbogbo wa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ti parí.

Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ìyá mi bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà kò gùn: ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹrà, ìjẹrà náà ń gòkè, kí wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún kó tó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀ràn ti dé! Bàbá Múfù ju fìlà mọ́lẹ̀. Ó ní, “Wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ Ìgè? Kí ló kù lára Ìgè bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀? Kí wọ́n kúkú gé orí rẹ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀!” Ó ránṣẹ́ sí ẹbí. Wọ́n wá láti Oko-Akarè, wọ́n wá láti ibi tí mi ò mọ̀ pé a ní ẹbí sí. Gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ méjì-méjì sì ni wọ́n gbé wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀kan ní bí Ìyá bá dé ọ̀run pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, kí ni wọn á fi mọ̀ ọ́n? Ọ̀kan ní àwọn ará Kpoulou á fi wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tí kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá ní òun fara mọ́ ọn. Wọ́n pa adìyẹ tí àwọn obìnrin Kpoulou mú wá nítorí ẹsẹ̀ náà, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú àkàsà, èmi ni mo ń gbé omi ìfọwọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n fohùn ṣọ̀kan: wọn kò ní gé e. Kí Bàbá Múfù lọ gbé Ìyá wálé.

Ó mú mi dání lọ́jọ́ kejì, torí pé èmi ni mo gbé oúnjẹ tí a fẹ́ fún ìyá mi. Zémì kan ló gbé àwa méjèèjì, Bàbá Múfù ń sọ fún ọlọ́kadà náà lójú ọ̀nà bí ẹbí ṣe gba ìyá wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ibà ń gbọ̀n ọ́n, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ti kéré débi pé mo kọ́kọ́ wò ó kọjá. Ìyá mi jókòó ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ há. Bàbá Múfù kí ìyá rẹ̀, ó dúró gbọnranran, ó jíṣẹ́ ẹbí láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó ní òun ti bá ẹni tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀, ó ń bọ̀ wá gbé wọn.

Ìyá Àgbà jẹ́ kó sọ tán. Ó ní, “Làmídì.” Òun nìkan ló ń pè é ní orúkọ rẹ̀. “Ta ló jókòó síbi ìpàdé náà?”

Bàbá Múfù dárúkọ wọn.

“Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n ń sọ?”

“Ẹsẹ̀ yín ni, Ìyá.”

“Ó dára. Nínú gbogbo wọn, èwo ló máa wá bá mi kú?”

Bàbá Múfù ní, “Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí, ẹsẹ̀ lẹ fi wáyé.”

Ìyá Àgbà gbé orí sókè kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó ń mí gúlegúle, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé gbogbo wọ́ọ̀dù, àwọn aláìsàn mìíràn yíjú sí wa. Ó ní, “Mo rántí. Ẹsẹ̀ yìí ló ṣáájú mi wá, kó ṣáájú mi padà. Kó lọ, kó lọ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò kánjú. Mo ṣì fẹ́ jẹun. Mo ṣì fẹ́ rí Àbẹ̀ní nílé ọkọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Làmídì, ẹ̀rù ikú ń bà mí, ìwọ wá ń bá mi sọ̀rọ̀ àwọn ará Kpoulou! Pe dókítà wá kí n tó ta ọ́ ní ìpá pẹ̀lú èyí tó kù.” Ó wá bú sẹ́kún. N kò rí Ìyá Àgbà kó sunkún rí títí di ọjọ́ náà. Ìyá mi gbá a mọ́ra, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, oúnjẹ tí mo gbé wá dà sílẹ̀ díẹ̀. Bàbá Múfù dúró, ó wo ògiri, ó wo òkè, nígbà tí kò rí ẹbí kankan níbẹ̀ tí yóò tì í lẹ́yìn, ó jáde lọ pe dókítà.

Wọ́n gé e, kò sì kú. Ó pẹ́ nílé ìwòsàn kí ojú ọgbẹ́ tó jinná, ìyá mi kò fi í sílẹ̀. Ẹ má bi mí pé ta ló sunkún ẹsẹ̀ náà jù. Bàbá Múfù ni. Ó fẹ́ ra aṣọ funfun fún un, ó fẹ́ ká pe ẹbí padà kí wọ́n wá kí wa kú ìdárò, wọ́n á sì bá wa jẹ ìwọ̀nba adìyẹ tó ṣẹ́ kù. Ìyá Àgbà ní bí owó aṣọ bá wà, kó fi ra ẹja fún ara tó kù. Nígbà tó padà sílé lórí ọ̀pá méjì tó fi há abíyá, àwọn obìnrin Kpoulou wá kí i, wọ́n ń wo ilẹ̀, ojú ń tì wọ́n láti wo ibi tí ẹsẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó gbé ìró sókè, ó fi hàn wọ́n. Ó ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó ran òun, kó bọ́ síwájú.” Àwọn ará Kpoulou kò tún wá mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a kò ti gbádùn mọ́ nílé wa. Ìyá Àgbà kò wọ kòtò mọ́, àwọn obìnrin yòókù sì padà sí ìdí dídúró de ẹyìn kó tutù, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹsẹ̀ gbogbo wa. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwòsàn bí á ṣe máa yẹ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí á ṣe máa wo abẹ́ rẹ̀ nínú dígí, kó má fi í tẹlẹ̀ láìwọ bàtà. Kókó tí kò ní ṣúgà ló ń mu, ó sì ń bú ẹni tó sè é. Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Á fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, á ní kí o dijú, kí o gbé ẹsẹ̀ lé òun nítan, á máa fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ọ níbí gún ọ lọ́hùn-ún, ìwọ á sì máa wí pé, “Ibí nìyí.” Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, a máa ń ké ká tó tilẹ̀ gún wa. Ìyá mi ṣe é. Àwọn aládùúgbò ṣe é. Àlejò tó bá fẹ́ jẹun nílé wa á kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Bàbá Múfù nìkan ló kọ̀, ó ní òun kì í ṣe Ìgè, orí ni òun fi wáyé, kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ó ti ọjà Adja-Ouèrè dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, epo rẹ̀ ti tà, inú rẹ̀ dùn. A wà níta, à ń yọ èkùrọ́. Ó mu omi, ó tún mu òmíràn, ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé e nítan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa, ẹ gún un, kí ẹ lè jẹ́ kí n sinmi nílé yìí.” Ó dijú, ó sì ń sọ fún wa bí obìnrin kan ṣe fẹ́ já epo mọ́ òun lọ́wọ́ lọ́jà. Ìyá Àgbà gún un ní àtàǹpàkò. Ó gún un lábẹ́ ọmọ ìka. Bàbá Múfù ń sọ̀rọ̀ obìnrin ọjà lọ. Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀, ó fi ìgbálẹ̀ náà gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó tì í títí ó fi tẹ̀, títí ó fi kán. A ti fi èkùrọ́ sílẹ̀. Ìyá mi ti dìde, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń na ọwọ́ sí zémì tó ń bọ̀.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, Ìyá,” ni Bàbá Múfù wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. “Kí lẹ tún ń dúró dè?”